Nọ́mbà Ràúfù Tí Mo Já Lára Súwíìṣì

Ràṣídá, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo pa fóònù mọ́ ọ létí. O pè mí padà lẹ́ẹ̀mẹrin, mò ń wò ó bó ṣe ń tàn lórí tábìlì, mi ò gbé e. Màmá rẹ ní, "Bàbá Ràṣídá, kí ló dé? Ṣé ẹ ò rí i pé ọmọ yín ló ń pè ni?" Mo ní mo rí i. Ìwé yìí ni èsì ipè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mi ò kọ ìwé tó gùn tó báyìí sí ẹnikẹ́ni rí. Praimárì fóò ni mo ti kúrò níléèwé, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ò mọ Súlè Ẹ́ńjìnnì ní gbogbo Ungwan Shanu ní Kaduna níbí? Àwọn tó lọ sí yunifásítì ń gbé jẹnẹrétọ̀ wá fún mi, màá kàn gbé etí sí i, màá sọ ohun tó ń ṣe é kí wọ́n tó jókòó. Ilé tí à ń gbé, ọwọ́ méjèèjì yìí ló kọ́ ọ. Ọwọ́ yìí náà ló rán ọ níléèwé títí o fi di ẹni tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Mò ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe òmùgọ̀ ló fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ibi tí mo dé yìí, ọmọ mi, kò sí ìyangàn mọ́ nínú ìwé yìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí ohun tí o sọ fún mi, kí o lè rí i pé mo gbọ́ ọ yé. O ní iṣẹ́ tuntun tí o rí n'Ìbàdàn, káàdì àwọn aláìsàn lẹ̀ ń kọ purogíráàmù fún, oògùn tí dókítà kọ fún kálukú àti iye tí wọ́n ti lò. O ní bí purogíráàmù méjì bá ń kọ nǹkan sórí káàdì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, oògùn ẹni yìí lè dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Nítorí náà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé á ṣe fáìlì kékeré kan síbẹ̀, ẹ ń pè é ní lọ́ọ̀kì, á kọ nọ́mbà ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá tún dé á rí i, á mọ̀ pé èèyàn wà nínú ilé, á dúró. Tí ti àkọ́kọ́ bá parí, á yọ fáìlì rẹ̀ kúrò, ẹlòmíì á wọlé.

Mo sọ fún ọ pé, "Àṣàkẹ́, a ti ń ṣe èyí ní Kakuri kí wọ́n tó bí ọ."

O bú sẹ́rìn-ín. O ní, "Haba, Bàbá! Ẹ̀yin náà ń kọ èdè C fún kọ̀ǹpútà?"

Mo ní èdè irin ni tiwa. Inú mi dùn nígbà yẹn o. Àfìgbà tí o wá sọ pé o rí lọ́ọ̀kì kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, tí gbogbo nǹkan dúró nítorí rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo yọ ọ́ ni, Bàbá. Ẹni tó ni ín ti lọ."

"Ṣé o pè é?"

"Pe ta ni? Bàbá, ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ sínú purogíráàmù báyìí pé lọ́ọ̀kì tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó máa já a fúnra rẹ̀. Ọ̀gá wa ní mo gbọ́n. Kì í ṣe ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀lé e la máa gbé e lọ sí ọsibítù."

Ibẹ̀ ni mo ti pa fóònù.

Ó dáa. O mọ ilé-iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Kakuri kí wọ́n tó tì í. Fítà ni mí, ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe, èmi pẹ̀lú Ràúfù, bàbá Kúdí ọ̀rẹ́ rẹ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà wá. Fítà kọ̀ọ̀kan ní irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lu nọ́mbà sí lára, à ń pè é ní nọ́mbà. Tèmi ni mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ti Ràúfù ni méjìlélọ́gọ́ta. Bí o bá fẹ́ wọnú máṣíìnì lọ ṣe nǹkan, wàá kọ́kọ́ pa á, wàá wá fi nọ́mbà rẹ kọ́ súwíìṣì. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan máṣíìnì yẹn. Bí o bá jáde, ìwọ fúnra rẹ lo máa já a. Kì í ṣe fọ́máànù, kì í ṣe máníjà. Ìwọ tí o so ó.

Ṣé o rí i pé nǹkan kan náà ni? Jẹ́ kí n wá tò ó fún ọ.

Èkíní. Wíwò àti síso, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni kí o ṣe é. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, mo wo súwíìṣì kan, mi ò rí nǹkan kan lára rẹ̀, mo wá lọ mú nọ́mbà mi nínú àpótí. Fítà kan láti Okene náà ti wò ó, òun náà ti lọ mú tiẹ̀. Nígbà tí a padà dé, kálukú ní òun lòun kọ́kọ́ dé. Ìjà la fi parí rẹ̀. Eyín iwájú mi tó kán, tí mo sọ fún yín pé òkúta inú ẹ̀wà ló kán an, irọ́ ni. Ibẹ̀ ló ti kán. Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́máànù ní kí wọ́n fi ìkọ́ tí kò lè gba ju nọ́mbà kan lọ sí gbogbo súwíìṣì, kí nọ́mbà kálukú sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí tìrẹ bá wọlé, o ti ní in. Tí kò bá wọlé, ẹlòmíì wà ńbẹ̀, yípadà. O ní ẹ̀yin náà ní irú rẹ̀, o pè é ní O_EXCL, mo ní kí o kà á lẹ́tà lẹ́tà fún mi, mo kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Má ṣe purogíráàmù tó máa wò bóyá fáìlì wà, tó máa wá padà wá ṣe é. Láàárín wíwò àti ṣíṣe yẹn lẹlòmíì ti ń wọlé.

Èkejì. Bí o bá parí, já tìrẹ. Bóo gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde ni o, bóo gba fèrèsé ni o, bí wọ́n lé ọ jáde ni o, já a. Èmi, Súlè, mo mọ iṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, ẹ lọ béèrè, ṣùgbọ́n mi kì í rántí nọ́mbà mi. Bí aago ìparí iṣẹ́ bá ti lù báyìí, mo ti wà lójú títì. Àwọn tó ń gbaṣẹ́ lẹ́yìn wa á dé, wọ́n á bá mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lára súwíìṣì, máṣíìnì á dákẹ́, wọ́n á dúró. Wọ́n á rán èèyàn wá sílé mi, mi ò ní sí nílé. Ó ṣẹlẹ̀, ó ṣẹlẹ̀, títí ó fi sú fọ́máànù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ti Súlè ni. Ẹ já a, jàre." Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe àwàdà ni. N kò mọ̀ pé mò ń kọ́ odindi ilé-iṣẹ́ pé nọ́mbà tó bá wà lára súwíìṣì lè má túmọ̀ sí nǹkan kan. Ràúfù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Súlè, ọjọ́ kan ni wọ́n máa já a tí wàá wà nínú máṣíìnì." Mo ní, "Kai, malam, ẹ ti ń ṣe wáàsí jù."

Kì í ṣe èmi ni mo wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. O mọ̀ pé ní Kaduna, tó bá ti di ọ̀sán Jímọ̀, gbogbo wa là ń lọ kírun. Ilé-iṣẹ́ á ṣófo, á ku àwọn Kìrìsìtẹ́nì díẹ̀ nídìí àwọn máṣíìnì iwájú. Ràúfù ò sì fi ìrun Jímọ̀ ṣeré rí. Ó máa ń lọ kí wọ́n tó pe ìrun rárá, kó lè rí ààyè níwájú. Èmi ò lọ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí fọ́máànù padà dé kó bá gbogbo máṣíìnì tó wà lẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́, kó mọ̀ pé èmi nìkan tó ogún èèyàn. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Bí mo ṣì ṣe rí nìyẹn.

Mo dé ìdí máṣíìnì tó ń ya òwú, èyí tó ní eyín irin kéékèèké bí òòyà káàkiri ara ìlù ńlá tó ń yí nínú rẹ̀. Mo rí nọ́mbà méjìlélọ́gọ́ta lára súwíìṣì. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, o ò rí Ràúfù, oníwáàsí, òun náà ti gbàgbé tiẹ̀ lọ sí mọ́sálásí! Mo já a. Mo jù ú sápò, kí n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó bá dé. Mo tẹ bọ́tìnì.

Àṣàkẹ́, mi ò pe orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ká ní mo ti pè é, "Ràúfù!", lẹ́ẹ̀kan péré. Á ní, "Mo wà níbí o." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti rò pé ó ku díẹ̀ kó parí, pé òun á sáré bá ìrun. Ó ti kírun àárọ̀, ó ti ṣe àlùwàlá ti ọ̀sán sílẹ̀, apá aṣọ rẹ̀ ṣì tutù nígbà tí a fà á jáde. Ọwọ́ ọ̀tún ló lọ, títí dé ìgúnpá.

O máa ń bi Kúdí léèrè nígbà tí ẹ wà ní kékeré pé ta ló gé ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ó máa ń ní máṣíìnì ni. Kì í ṣe máṣíìnì.

Ẹ̀kẹta nìyí. Má já nọ́mbà onínọ́mbà láìpè é. O sọ fún mi pé ẹ ní ohun kan tí ẹ ń pè ní kill. Mo ní, "Ta lẹ fẹ́ pa?" O ní rárá, pé bí èèyàn bá fi òdo rán an, kò ní pa ẹnikẹ́ni, ó dà bíi pé èèyàn kan ilẹ̀kùn lásán láti mọ̀ bóyá onílé wà láyé. Ìwọ ni o sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ẹnu rẹ. Kí ló dé tí o ò wá kan ilẹ̀kùn náà? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn ti kú. Ràúfù ti wà nínú máṣíìnì yẹn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. O tún ní irú kan wà tó ń jẹ́ flock, pé bí ẹni tó so ó bá kú sínú ilé, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa bá a tú u. Lo ìyẹn bó bá ṣeé lò. A ò ní irú ẹ̀ ní Kakuri. Bí kò bá ṣeé lò, ka nọ́mbà inú fáìlì, pè é, kí o rí i dájú pé òun gan-an ni, torí o ní kọ̀ǹpútà máa ń gbé nọ́mbà ẹni tó ti kú fún ẹlòmíì. Bí kò bá dá ọ lójú, dúró. Jẹ́ kí ọ̀gá rẹ bínú.

Ẹ̀kẹrin ni mi ò fẹ́ kọ.

Máníjà dé. Ó béèrè pé, "Ṣé nọ́mbà wà lára súwíìṣì?" Wọ́n wò ó, kò sí nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé fítà náà ò so nọ́mbà rẹ̀, pé ẹ̀bi rẹ̀ ni. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo dúró síbẹ̀, nọ́mbà náà wà nínú àpò mi, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀. Màmá rẹ ti lóyún rẹ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ́ ṣe àwáwí. Ẹ̀rù ló bà mí.

Mo lọ wò ó ní ọsibítù. Ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ní, "Súlè, ìwọ lo wà níbẹ̀. Wọ́n ní mi ò so ó. Ó dà bíi pé mo so ó. Ṣé mo so ó?"

Mo ní, "Mi ò rí i."

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìrẹsì lọ sí ilé Ràúfù ní Kamazou lóṣooṣù nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ń yìn mí. Wọ́n ní irú ọ̀rẹ́ báyìí ò sí mọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. O rántí bí ẹ̀yin ọmọ ṣe máa ń fi Bàbá Kúdí rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá lọ lo họ́lídè lọ́dọ̀ wọn? Bó ṣe máa ti ilẹ̀kùn, tó máa padà wá wò ó, tó máa tún padà wá wò ó lẹ́ẹ̀kẹta? Bó ṣe máa dìde nídìí oúnjẹ lọ wo ẹnu ẹ̀rọ omi bóyá òun tì í? Ẹ ń pè é ní Bàbá Wòó-Wòó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ní mi ò rí i ni kò ti gbára lé orí ara rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tí mo pa fóònù mọ́ ọ, mo tú ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi. Inú agolo mílíìkì ni mo tọ́jú nọ́mbà Ràúfù sí láti ọdún wọ̀nyí wá. Ní àná, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kamazou.

Ó jókòó síta lábẹ́ igi dógóyárò wọn. Ó rí mi lókèèrè, ó ké, "Kai! Súlè onírẹsì! Oṣù ò tíì parí, ṣé ebi ló ń pa ìwọ náà tí o fi wá?"

Mo ní, "Kì í ṣe ìrẹsì."

Mo fi sí i lọ́wọ́ òsì. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀.

"Níbo lo ti rí i?"

"Lára súwíìṣì."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo já a, Ràúfù. Mo rò pé o ti lọ kírun."

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo ti múra pé bó bá fẹ́ lù mí, kó lù mí. Kò wo ojú mi rárá. Ó ní, "Mo so ó?"

"O so ó."

"Súlè, mo so ó?"

"O so ó dáadáa."

Ó pariwo sínú ilé. "Ìyá Kúdí! Ìyá Kúdí, wá o! Mo so ó! Wallahi, mo so ó!" Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n pè pé ọmọ rẹ̀ tó sọnù ti dé. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọdún yìí, ọmọ mi, ọwọ́ tó lọ kọ́ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ti gbà pé aláìbìkítà ni òun. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe dà bíi tòun.

Ìyá Kúdí jáde. Òun ló kọ́kọ́ lóye. Ó wo nọ́mbà, ó wò mí. Ó padà wọlé, ó gbé èyí tó kù nínú ìrẹsì tí mo gbé wá lóṣù yìí jáde, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ, Bàbá Ràṣídá."

Ràúfù wá yíjú sí mi. Ó ní, "Mo bi ọ́ ní ọsibítù."

Mo ní, "O bi mí."

"O ní o ò rí i."

"Mo ní mi ò rí i."

Ó ní, "Ó dáa. Máa lọ." Ó ní, "Kí Ràṣídá máa wá o. Kò sọ́rọ̀ tiẹ̀ ńbẹ̀." Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ lórí erùpẹ̀, èmi Súlè. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun ò dárí jì mí.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí o bá já ohun tí kì í ṣe tìrẹ, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí iṣẹ́ bá máa bọ́, kó bọ́. Wàá rí òmíràn. Ilé-iṣẹ́ tí mo tìtorí rẹ̀ dákẹ́, kò pẹ́ tí wọ́n tì í. Lọ bá ọ̀gá rẹ kó tó di ọjọ́ Ajé yẹn, kí o nu ìlà ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kúrò. Bó bá ní o ń fi iṣẹ́ falẹ̀, sọ fún un pé bàbá rẹ mọ ọkùnrin kan tó pẹ́ díẹ̀ nínú máṣíìnì. Kí o sì pè mí tí o bá ti ṣe é. Màá gbé e.

Nígbà tí Ràúfù dìde láti wọlé, nọ́mbà yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a mú un. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án. Tèmi ni." Ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì mú un nílẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó tó wà lára ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró síta pẹ̀lú àpò ìrẹsì, mò ń retí kó ṣí i padà, kó wá wò ó bóyá ó dúró dáadáa.

Kò padà wá wò ó.

Èmi ni bàbá rẹ, Súlè, nọ́mbà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.